Yà sí Ọ̀tún Níbi Àgbélébùú Onírin

Ìwé ni Norbert Thelen kọ́kọ́ pàdé, kó tó di pé ó pàdé ọmọbìnrin tó kọ ọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà, takisí ló ń wà ní pápákọ̀ òfurufú Köln, kò níyàwó, kò sì sí ẹni tó ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó fẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1982, ọkùnrin ará Denmark kan gbé àpótí méjì sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì na bébà kan sí i.

"Nürburgring," ni ọkùnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà o. Ẹni tó kọ ọ́ tẹnu mọ́ ọn."

Norbert rẹ́rìn-ín. Ta ló fẹ́ kọ ọ̀nà Nürburgring fún un? Gba ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Koblenz, sọ̀ kalẹ̀ ní Wehr, máa pọ́n òkè lọ, kọjá Kempenich, kò ní pẹ́ tí wàá fi máa gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì àwọn mọ́tò tó ń sáré ìje ní pápá ìje inú igbó. Ó ti gbé èrò lọ síbẹ̀ tó ìgbà tí kò lóǹkà mọ́.

Àmọ́ iná ojú pópó dá a dúró, ó sì ka bébà náà. Ọwọ́ obìnrin ló kọ ọ́, ó tò nigín-nigín, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Láti ìlà kìíní dé ìkẹwàá, kò rí àbùkù kan níbẹ̀. Ìlà kọkànlá ló mú un gbé ojú sókè:

"11. Tí ẹ bá kọjá Kempenich, ẹ óò rí àkọlé tó ní kí ẹ máa lọ tààrà. Ẹ má lọ tààrà. Ẹ yà sí ọ̀tún níbi àgbélébùú onírin, kí ẹ gba inú igbó. Kìlómítà méje ni. Ẹ má bínú."

Ìlà kẹrìnlá ló kẹ́yìn: "Ẹ tẹ agogo ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì dúró."

Norbert mọ àgbélébùú onírin yẹn. Ó mọ ọ̀nà igbó náà pẹ̀lú, ọ̀nà tóóró tó kún fún ihò, tó yí po, tó tún padà já sí ojú ọ̀nà kan náà tí ènìyàn ti kúrò lórí rẹ̀. Abúlé kan ṣoṣo ló yẹ̀ sílẹ̀, Kesselheck, ilé bí ogún àti ilé àlejò kan. Kí ló wà ní Kesselheck tí ẹnì kan ò fẹ́ kí àlejò òun rí? Àti pé kí ló dé tí onítọ̀hún fi ń bẹ̀bẹ̀? Láti ọdún mẹ́wàá tó ti ń wakọ̀, kò tíì rí ìwé ọ̀nà tó sọ fún awakọ̀ pé kó má bínú.

Nígbà tó dé ibi àgbélébùú onírin, ó yà sí ọ̀tún.

Ilé àlejò Schüller, ibi tí ìwé náà parí sí, wà ní Wimmerath, abúlé kan nítòsí Nürburgring, ní oríta gan-an, níbi tí ọ̀nà igbó ti pàdé ọ̀nà ńlá. Bàbá kan jókòó sójú fèrèsé yàrá ìjẹun, ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti tábìlì, ó ń wo oríta náà. Bí takisí Norbert ṣe yọ láti inú igbó, bàbá náà dìde dúró.

Norbert tẹ agogo, ó sì dúró. Obìnrin kan tó so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí ṣílẹ̀kùn. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ìyẹ̀fun wà létí rẹ̀ kan.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí?" ni Norbert bi í, kò tilẹ̀ kí i.

"Èmi ni. Ṣé ẹ ṣìnà ni?"

"N ò ṣìnà. Mo tẹ̀ lé e."

Ó bojú wẹ̀yìn, sí ìhà fèrèsé, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ gba inú igbó?"

"Ìlà kọkànlá."

"Awakọ̀ takisí kan ò tẹ̀ lé e rí. Wọ́n á ní orí wa ti dàrú. Ẹ̀yin ni àkọ́kọ́."

"Ó dáa, ẹ wá sọ fún mi. Kí ló wà ní Kesselheck?"

"N ò mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, ẹ ò wá mọ̀?"

"Bàbá mi ló ń pè é, èmi ń kọ ọ́. Láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Tí mo bá bi í, á ní kí n kọ ohun tí òun pè."

"'Ẹ má bínú' yẹn ńkọ́? Òun náà ló pè é?"

Ìtìjú mú obìnrin náà. "Èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo. Kì í ka ohun tí mo bá ti kọ tán."

Roswitha ni orúkọ rẹ̀. Norbert padà sí Köln lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tún gba inú igbó, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èrò lẹ́yìn ọkọ̀ tó lè bá a wí bó bá gba tààrà.

Láti ọjọ́ náà ni Norbert ti ń bẹ àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Èrò tó bá ti mú bébà Wimmerath lọ́wọ́, òun ni kí wọ́n gbé e fún. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Norbert Onígbó! Àlejò rẹ ti dé o, ó mú ìwé Májẹ̀mú Láéláé rẹ̀ dání!"

"Ẹ máa yọ̀ mí."

"Ṣé igbó náà lo fẹ́ fẹ́ ni, àbí ẹni tó wà ní òdìkejì ẹ̀?"

Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ló fi ń gbé àlejò lọ, tó sì ń jókòó nínú ilé ìdáná Wimmerath ní ìdajì wákàtí kó tó padà. Ìyá Roswitha ti kú. Àbúrò ìyá náà, Àǹtí Billa, ló ń ṣe ìdáná ilé àlejò náà. Obìnrin kúkúrú ni, tó máa ń fi ṣíbí igi tọ́ka sí ènìyàn. Òun ló ń gbé ọ̀dùnkún rírin tí wọ́n yan nínú ìkòkò irin síwájú Norbert, a sì máa dúró lé e lórí títí á fi jẹ ẹ́ tán.

"Àǹtí, ẹ mọ ohun tó wà ní Kesselheck," ni Norbert wí lọ́jọ́ kan.

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò ní sọ fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má sọ. Ó ti kú, n ò lè lọ bi í bóyá ó ti yí ọkàn padà. Jẹun."

Bàbá Schüller kò bá Norbert sọ̀rọ̀ púpọ̀. Matthes ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni, ó sígbọnlẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ a máa ni ín lára. Ṣùgbọ́n Norbert rí i pé bàbá náà kì í kúrò lójú fèrèsé títí takisí òun á fi yọ láti inú igbó. Lẹ́yìn náà ni yóò mi orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sì padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀.

Ìgbà tí ó fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, Norbert àti Roswitha ti fi "ẹ" sílẹ̀, wọ́n ti ń pe ara wọn ní "ìwọ." Gbogbo ará agbègbè náà ló mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn: ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá ní ọmọbìnrin kan lọ́kàn á gbé igi èèpo-funfun kan wá, á so ríbọ́ọ̀nù aláràbarà mọ́ ẹ̀ka rẹ̀, á sì so ó mọ́ ara ilé ọmọbìnrin náà. Igi náà á dúró títí oṣù á fi parí. Ní ọjọ́ tó bá wá sọ ọ́ kalẹ̀, bàbá ọmọ ló ń fún un ní páálí bíà kan. Bàbá tó bá ti gbé bíà jáde ti sọ̀rọ̀ nìyẹn, kò tún nílò láti la ẹnu.

Norbert so igi tirẹ̀ mọ́ ọ̀pá òjò ilé Schüller. Bàbá Schüller jáde, ó wò ó láti ìdí dé orí.

"Ta ló gbé e wá?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ọ̀nà wo lo gbà wá?"

"Inú igbó, Bàbá."

"Igi tó gùn tó báyìí? Nínú igbó yẹn?"

"Ó há lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ̀ kalẹ̀ yọ ọ́."

Bàbá náà fọwọ́ kan ríbọ́ọ̀nù pupa kan. "So ó le dáadáa. Afẹ́fẹ́ ibí kì í ṣeré," ló wí, ó sì wọlé. Roswitha tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn fi épírọ́ọ̀nù bo ẹnu.

Ká ní Norbert lè mú sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, ìtàn yìí ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìlà kan nínú ìwé bá lè mú yà kúrò lójú títì, ohun tí ìlà náà ń fi pa mọ́ kò ní jẹ́ kó sùn. Ọ̀rọ̀ Kesselheck ń jẹ Norbert bí ìgbà tí iyanrìn bá bọ́ sínú bàtà. Ó rò ó pé: ọkọ ọmọ ni mo fẹ́ jẹ́ nínú ilé yìí, ṣé kò yẹ kí n mọ ohun tí mo ń yẹ̀ fún? Ó tún rò ó pé: bi Bàbá fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ pé èyí ló tọ́. Kò ṣe é.

Ní ọjọ́rú kan tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣófo, ó dé ibi àgbélébùú onírin, ó dúró díẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ tààrà.

Kesselheck kò ní nǹkan kan tó burú lójú. Ilé àlejò tó wà níbẹ̀ tóbi, ó ní fèrèsé aláwọ̀ ewé, òdòdó wà lábẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ni ín, Leo Bell, fúnra rẹ̀ ló gbé kọfí wá. Àgbàlagbà ọlọ́yàyà ni, tó ń rẹ́rìn-ín kí ènìyàn tó sọ ohun tó lè pa á lẹ́rìn-ín. Norbert bi í ní tààrà: kí ló dé tí Schüller kì í jẹ́ kí àlejò rẹ̀ gba ibí?

Bell lu itan rẹ̀. "Matthes ṣì ń ṣe ìyẹn? Títí dòní? Ọlọ́run mi o!" Ó fa àga, ó jókòó. "Ọdún '62 ni. Ọdún yẹn ló ṣí ilé àlejò rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kun pátákó kan, ó ya ọfà sí i, ó wá gbé e sí oríta iwájú ilé mi yìí. Àlejò méjìlá ló ń retí fún ìje mọ́tò ńlá ọjọ́ Àìkú. Èmi náà ní yàrá tó ṣófo. Mo kàn yí pátákó náà díẹ̀ ni. Ọfà wá ń tọ́ka sí àgbàlá mi. Gbogbo àwọn méjèèjìlá ló wọlé síbí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an!"

"Wọn ò bi yín bóyá ibí ni ilé Schüller?"

"Wọ́n bi mí. Mo ní ibí dára jù ú lọ." Ó tún bú sẹ́rìn-ín. "Afẹ́fẹ́ náà ì bá ti yí i."

Norbert ti múra láti bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti rò pé ohun tí òun máa gbọ́ á jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré, ìjà àwọn àgbàlagbà lásán, ohun tí òun lè fi ṣe àwàdà fún Roswitha, kí gbogbo wọn wá parí rẹ̀. Ẹ̀rín náà kò wá.

"Ṣé ó dùn yín rí?" ló bi Bell.

"Kí ló máa dùn mí?"

"Pé ẹ ṣe é."

Bell wò ó bí ẹni tó gbọ́ èdè tí kò mọ̀. "Ọ̀rẹ́, ogún ọdún ti kọjá. Mu kọfí rẹ."

Norbert kò mu ún tán. Bó ti ń jáde, ọkọ̀ oníbúrẹ́dì tó ń pín búrẹ́dì káàkiri àwọn abúlé náà dúró lẹ́bàá takisí rẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ sì juwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, Norbert wá sọ igi rẹ̀ kalẹ̀. Kò bá a lára ilé. Wọ́n ti fi ayùn gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bí igi ìdáná, ríbọ́ọ̀nù ṣì wà lára àwọn kan. Bàbá Schüller dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

"O mu kọfí," ló wí.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Kọfí Leo Bell. Oníbúrẹ́dì rí ọ níbẹ̀. Ṣé ó dùn?"

"N ò mu ún tán."

"Àmọ́ o mu ún." Ohùn bàbá náà kò ga rárá. "Mo rò pé mo ti rí ẹnì kan tí wọ́n lè sọ fún pé kó yà, tó sì máa yà. Máa gbé àlejò mi wá, iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Inú ilé ìdáná mi, má wọ̀ ọ́ mọ́. Ọmọ mi, má wá a."

Roswitha bá a lẹ́bàá ọkọ̀.

"O ò lè bi mí? O ò lè sọ fún mi pé o fẹ́ lọ? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, Norbert! Páálí bíà náà ti wà nínú àjà ilẹ̀, èmi ni mo bá a gbé e síbẹ̀!"

"Mo ṣe àṣìṣe."

"Àṣìṣe kọ́ o. Ọ̀fíntótó ni! Bí ológbò!"

"Òótọ́ ni."

"Má máa gbà fún mi, mo ṣì ń bínú!" Ó yíjú kúrò, ó ká ọwọ́ lé àyà. Lẹ́yìn náà, láìyíjú padà: "Kí ló sọ?"

"Ta ni?"

"Ta lo rò? Bell! Kí ló sọ?"

Norbert sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pátákó, ọfà, àlejò méjìlá. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú Roswitha ń yí padà. Ó jókòó sórí ìdènà iwájú ọkọ̀.

"Mo rántí ọjọ́ yẹn," ló wí. "Mo já òdòdó. Ife kékeré méjìlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá ti sè títí. A wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi, a tò sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Nígbà tó yá, Màmá ní kí n lọ kó òdòdó náà jáde, mo bi í pé kí ló dé, kò dáhùn. Ní ọjọ́ kejì ni Bàbá pè mí sídìí tábìlì, ó ní kí n mú pẹ́ńsù." Ó nu ojú rẹ̀. "Ogún ọdún ni mo fi ń kọ 'Ẹ má bínú.' Mò ń bá a tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àlejò, mo rò pé orí kunkun ló ń ṣe é."

"Orí kunkun náà ni."

"Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?"

Norbert ronú sí i. "Kìlómítà méje kéré," ló wí.

Roswitha fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó dá a dúró. "Má wá mi títí òun fúnra rẹ̀ á fi pè ọ́. N ò ní gba ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ ọkọ, Norbert. Wọ́n ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kọjá, ewé wọ́. Norbert ń gbé àlejò wá, ó ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀, ó ń padà. Roswitha ń ṣílẹ̀kùn, ó ń gba àpótí, ojú wọn ń pàdé, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní orí òkè lọ́hùn-ún, wọ́n ń fi katakata kọ́ ojú ọ̀nà ìje tuntun, ìdajì àwọn àlejò ni kò mọ ibi tí wọ́n ti ń wọlé mọ́. Nígbà mìíràn, bí Norbert bá dá wà nínú igbó, á máa bi ara rẹ̀ pé ta lòun ń gba ọ̀nà yìí fún. Bàbá náà kò mi orí mọ́. Bóyá kò tilẹ̀ wo ojú fèrèsé mọ́. Ọmọbìnrin pọ̀ ní Köln. Á rò ó báyìí títí, á sì tún yà sí ọ̀tún níbi àgbélébùú.

Nínú oṣù Kejì ọdún 1984, yìnyín já fún ọjọ́ mẹ́ta láìdáwọ́ dúró. Norbert gbé tọkọtaya àgbàlagbà kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó dé ibi àgbélébùú onírin, ó rí i pé ọ̀nà igbó ti dí pátápátá. Igi ti wó lulẹ̀, yìnyín ga dé orúnkún. Ọ̀nà tààrà wà níwájú rẹ̀, wọ́n ti ro yìnyín kúrò lórí rẹ̀, ó dúdú, ó mọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló kù sí Wimmerath.

Ó yí ọkọ̀ padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, níbo la ń lọ?" ni ìyá Gẹ̀ẹ́sì bi í lẹ́yìn ìdajì wákàtí.

"Wimmerath, Màmá."

"Ibẹ̀ kọ́ la ti ń bọ̀ yìí?"

Ó padà sí ọ̀nà márosẹ̀, ó gba àfonífojì odò Ahr, Altenahr, ó tún ń pọ́n òkè bọ̀ láti ìhà Adenau. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló fi pẹ́. Nígbà tó yọ sí oríta, kò yọ láti inú igbó, kò sì yọ láti Kesselheck. Ẹ̀yìn ilé gan-an ló ti yọ, láti ìhà tí àlejò pápákọ̀ òfurufú kan ò gbà yọ rí.

Ilẹ̀kùn ṣí kó tó tẹ agogo. Bàbá Schüller jáde sínú yìnyín láìwọ kóòtù.

"Níbo lo gbà?"

"Adenau, Bàbá."

"Adenau? Láti Köln?"

"Láti ibi àgbélébùú. Igbó ti dí."

"Wọ́n ti ro ọ̀nà tààrà láti òwúrọ̀. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò."

"Mo rí i."

"Kí ló wá dé tó ò gbà á?"

Norbert gbé àpótí sílẹ̀. "Kò dun Bell, Bàbá. Mo bi í bóyá ó dùn ún rí. Ó ní ogún ọdún ti kọjá, kí n mu kọfí mi."

Bàbá Schüller sún mọ́ ọn. Yìnyín ń bọ́ sí irun rẹ̀. "O bi í?"

"Mo bi í."

Ohùn àgbàlagbà náà yí padà, bíi ti ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún ọ̀pọ̀ ọdún. "Kí ló sọ? Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

"Ó ní òun kàn yí i díẹ̀ ni. Ó ní afẹ́fẹ́ náà ì bá ti yí i."

"Àwọn ènìyàn sọ pé afẹ́fẹ́ ni," ni Bàbá Schüller wí. "Àlùfáà sọ bẹ́ẹ̀. Oníbúrẹ́dì sọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi náà, nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó ní 'Matthes, bóyá afẹ́fẹ́ ni.' Ọdún méjìlélógún." Ó gbé àpótí tó wúwo jù nínú méjèèjì. "Wọlé, kó o mu nǹkan gbígbóná. Kò túmọ̀ sí nǹkan kan o. Òtútù ló mú."

Àǹtí Billa ló pè é lórí fóònù nígbà tí oṣù Kẹrin ń parí lọ.

"Norbert, o ti ra ríbọ́ọ̀nù?"

"Mo ti rà á, Àǹtí."

"Tọ́jú ẹ̀. Oṣù Kejì ọdún yìí ọjọ́ mélòó ló ní?"

Norbert ronú. "Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n."

"Ẹn-ẹ́n. Lọ́dún tó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló ń gbé igi?"

"Àwọn obìnrin."

"Jókòó sílé rẹ ní ọjọ́ kìíní oṣù. Tó o bá rí igi, o rí i. Tó ò bá rí i, má tẹ̀ mí láago, má sì fi ẹsẹ̀ kan ibí mọ́ bí kò ṣe lẹ́nu iṣẹ́. Mo ti sọ tèmi fún ọmọ náà, mo ti sọ tèmi fún bàbá ẹ̀. Ṣíbí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kán."

Ní ọjọ́ náà, Norbert jí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Ó wo iwájú ilé tó ń gbé ní Porz, nítòsí pápákọ̀ òfurufú. Kò sí igi. Igi wà lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò, igi wà lára ilé ọmọ alápatà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Ó fá irùngbọ̀n tirẹ̀. Ó tún wò ó. Aago méje lù, aago mẹ́jọ lù. Ó po kọfí, ó wo kọfí náà, ó dà á nù. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí aago mẹ́sàn-án bá lù, òun á yé wo ojú fèrèsé. Aago mẹ́sàn-án lù, ó sì tún wò ó.

Nígbà tí aago mẹ́wàá ń lọ lù, ó gbọ́ fèrè ọkọ̀. Takisí mẹ́rin ló ń bọ̀ ní títì náà, wọ́n to tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n ń fọn fèrè bí ẹni ń sin ìyàwó. Láàárín wọn ni Opel àtijọ́ kan ti ń rá bọ̀ bí ìgbín, igi èèpo-funfun kan wà lórí rẹ̀, ó yọ síwájú, ó yọ sẹ́yìn. Bàbá Schüller ló ń wà á, ó di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú bíi pé wọ́n fẹ́ já a gbà.

"Norbert Onígbó!" ni ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ náà kígbe. "Gba àwọn ènìyàn rẹ o! Ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń wọ bàálù la ti rí wọn!"

Roswitha sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín àti omijé dàpọ̀ lójú rẹ̀. "Òun ló fà á! Mo ní ká béèrè ọ̀nà, ó ní kí ni mo fi ogún ọdún kọ ìwé fún. Ó ní kí n kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí n sọ ọ̀tún di òsì. A ka ìlà kọ̀ọ̀kan títí a fi dé ìlà kìíní. Ìlà kìíní sì ni 'Ẹ jáde ní pápákọ̀ òfurufú'!"

"Ìwé náà kò ṣì wá lọ́nà," ni Bàbá Schüller wí, ó ń tú okùn igi. "Ibi tó ní ká dé la dé."

Wọ́n so igi náà mọ́ ẹnu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni bàbá náà ṣí ẹ̀yìn Opel, ó gbé páálí bíà kan jáde tí eruku ti bò, ó sì gbé e lé Norbert lọ́wọ́.

"Tèṣí," ló wí.

Bébà kan wà lára igi náà, Roswitha ti fi ríbọ́ọ̀nù pupa so ó. Norbert tú u. Ìwé ọ̀nà ni, láti pápákọ̀ òfurufú dé Wimmerath, Roswitha ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ tuntun. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sí ìlà kọkànlá. Ó wà níbẹ̀ bó ṣe máa ń wà: ẹ má lọ tààrà, àgbélébùú onírin, inú igbó, kìlómítà méje, ẹ má bínú. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ "Ẹ má bínú," ó sì ti kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé ńláńlá tó ń gbọ̀n: "Mo ti rí i. Jẹ́ kó wà."

Ìlà kẹrìnlá, pẹ́ńsù kan náà ti pa á rẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí:

"Ìwọ má tẹ agogo mọ́. Wọlé."

Norbert gbé ojú sókè. Bàbá Schüller ti yí ẹ̀yìn sí i, ó ń bá àwọn awakọ̀ takisí jiyàn nípa ọ̀nà tó yá jù padà sí Wimmerath, gbogbo wọn ló ń pariwo orúkọ Kesselheck, òun nìkan ló ń mi orí pé rárá.

"Pẹ̀lú igi tó gùn tó báyìí," ni Norbert sọ fún Roswitha, "ṣé ẹ ṣì gba inú igbó?"

Roswitha na ọwọ́ sáàárín ríbọ́ọ̀nù, ó yọ ẹ̀ka kékeré kan, ti igi páìnì inú igbó, tó há síbẹ̀, ewé rẹ̀ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, ó ṣì tutù, ó sì fi sí àpò àyà Norbert.